Ìdánwò Àǹtí Hẹ̀lóò

Ó lé ní ogún ọdún tí obìnrin yìí fi jókòó sídìí tẹlifóònù ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá pè láti ìta, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: "Hẹ̀lóò, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn, látorí dókítà àgbà dórí ẹni tó ń fọ ilẹ̀, fi ń pè é ní Àǹtí Hẹ̀lóò. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí èèyàn bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má wẹ̀yìn. Gbogbo nọ́ńbà yàrá ilé ìwòsàn náà ló wà lórí rẹ̀. Kì í wòwé. Ọwọ́ rẹ̀ á kàn lọ síbi tó yẹ, bí ọwọ́ ẹni tó ń jẹun nínú òkùnkùn tí kì í ṣi ẹnu.

Nígbà tó yá, wọ́n tú ẹ̀rọ tẹlifóònù náà kúrò lára ògiri. Kọ̀ǹpútà kan ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kì í rẹ̀, tí kì í gba ìsinmi, tí kì í sì í kí èèyàn. Àwọn aláṣẹ ò lé e lọ o. Wọ́n ní kó lọ máa ran Ọ̀gá Wáyà lọ́wọ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè kà á mọ́ àwọn ará ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yege ìdánwò àwọn alábòójútó kọ̀ǹpútà, ti ìpele ìbẹ̀rẹ̀, kó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ọ̀gá Wáyà yìí, ọkùnrin gíga kan ni, tí wáyà kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀ bí ìgbà tí dókítà bá fi ẹ̀rọ ìgbọ́kàn kọ́rùn. Àǹtí Hẹ̀lóò jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ni ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà "ẹ" ni wọ́n jọ ń pe ara wọn. Ìwé tó gbé fún un pé kó máa kà nípọn bíi búrẹ́dì odindi.

"Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, Àǹtí," ó ní. "Ojú lásán ló ní."

Ẹ̀rù ti bà á. Kì í ṣe ìwé náà gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀. Tíṣà ni ìyá náà nígbà ayé agbára rẹ̀, tíṣà ìṣirò tó lè pe orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì tẹ̀léra wọn láìwo ibì kan. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ìkòkò fi pọ́n rẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń jáde tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ní báyìí, bó bá wo ọmọ rẹ̀ lójú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ ló máa ń rí. Nígbà tí àìsàn náà sì kọ́kọ́ yọjú, ọjọ́ orí ìyá náà ò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí Àǹtí Hẹ̀lóò wà yìí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni Àǹtí Hẹ̀lóò kì í bá ẹnikẹ́ni sọ. Ó máa ń gbé e mì bí egbòogi kíkorò.

Lálaalẹ́ tí wọ́n bá ti jẹun tán, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Inú kọ̀ǹpútà náà ni Ọ̀gá Wáyà bá a gbé kọ̀ǹpútà mìíràn sí, ti ìdánrawò, tó ń gbé nínú ti gidi bí oyún ṣe ń gbé nínú ìyá rẹ̀. Ohun tó wù kéèyàn bà jẹ́ níbẹ̀, kò lè ran ohunkóhun níta. Ojú dúdú kan báyìí ni, tí lẹ́tà funfun wà lórí rẹ̀. Èèyàn á kọ àṣẹ sí i, kọ̀ǹpútà á sì ṣe é. Àṣẹ kan wà fún kéèyàn mọ ẹni tó ni fáìlì, òmíràn wà fún kéèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, òmíràn sì wà fún kéèyàn da iṣẹ́ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni dúró. Á kọ́ wọn lálẹ́, wọn á sì dúró sí i lórí. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n ti lọ, àfi bí ìgbà tí wọ́n pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń kà?" ìyá rẹ̀ á béèrè láti orí àga rẹ̀.

"Ìwé iṣẹ́ ni, mà. Èmi ọmọ yín ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa." Ìyá náà á tẹjú mọ́ ògiri fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń kà?"

Ìbéèrè yẹn kì í bí Àǹtí Hẹ̀lóò nínú. Ṣe ni òtútù máa ń mú un. Ó máa ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà tí òun náà ń bọ̀ wá gbà.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, a máa dá a lára yá. Yóò gbé ìwé náà wò lọ́wọ́, yóò mirí. "Ìyàwó, bó o bá kà á tán, fún mi. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa kan kúrú." Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ọ̀fun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni nǹkan ṣe é.

Ọ̀gá Wáyà ti fún un láyè kó máa fi àsìkò oúnjẹ ọ̀sán dánra wò lórí kọ̀ǹpútà tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n sì ti gbé ti ìdánrawò sínú ìyẹn náà. Ó tilẹ̀ ní kó to kọ̀ǹpútà ìdánrawò rẹ̀ bíi ti ilé ìwòsàn gan-an, kó sọ àwọn àpò inú rẹ̀ lórúkọ kan náà, kí ojú rẹ̀ lè tètè mọ́ iṣẹ́. Àpò kan wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "èsì". Ibẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò gbogbo aláìsàn ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ni o, ìtọ̀ ni o, àwòrán egungun ni o. Àǹtí Hẹ̀lóò ṣe "èsì" tirẹ̀ náà, ó kó àwọn fáìlì yẹpẹrẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń fi wọ́n ṣeré.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé lọ́sàn-án yẹn, kí òun tó dé ìdí tábìlì náà, Ọ̀gá Wáyà ti kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ó gbabẹ̀ wọ orí kọ̀ǹpútà ńlá láti yẹ nǹkan wò. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi pè é pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yàrá iṣẹ́ abẹ ti gbé ìwé há ọ̀nà ọ̀fun. Ó dìde, ó lọ, ó sì fi ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ńlá sílẹ̀ gbayawu.

Bó ṣe di pé ojú dúdú méjì wà lórí kọ̀ǹpútà kan nìyẹn, ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Dúdú wọn ò yàtọ̀, lẹ́tà wọn ò yàtọ̀. Orúkọ ẹ̀rọ tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ló yà wọ́n. Èèyàn tó ń sáré ò sì í ka orúkọ.

Ó fẹ́ tún ìdánrawò náà bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, nítorí náà ó fẹ́ kọ́kọ́ pa "èsì" tirẹ̀ rẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Àṣẹ náà sì wá fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, àti àmì tó máa ń wà láàárín rẹ̀, láìṣí ìwé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Mo rántí!" Ayọ̀ yẹn ló fi tẹ bọ́tìnì.

Lórí kọ̀ǹpútà ìdánrawò, kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Èyí ò tán. Ojú dúdú náà kàn ń wò ó. Kò fèsì, kò sọ pé òun parí, kò sọ pé òun ò parí. Obìnrin náà dúró. Ó tún dúró. Ó gbójú sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Kò mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dé orí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń da iṣẹ́ dúró. Ojú náà dákẹ́. Ó béèrè ohun tó kù nínú àpò "èsì". Ohun tó rí kò tó nǹkan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, tó bá iyàrá ní òfìfo, tí àmì ẹsẹ̀ àga nìkan ṣẹ́kù sílẹ̀.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Èrò tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kò kan aláìsàn kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò kan iṣẹ́. Ohun tó rò ni pé, "Ó ti bẹ̀rẹ̀. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Màmá."

Tẹlifóònù orí tábìlì dún. Òun, tí kì í jẹ́ kí tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀mejì láyé rẹ̀, ó jókòó, ó ń wò ó. Ó dún, ó dún. Ó gbé e nígbẹ̀yìn.

"Àǹtí Hẹ̀lóò?" Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wà níwájú wa ò jáde o. Ó wà níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. A ti ń gbé ọmọ náà wọlé."

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Ṣé kò ní pẹ́? Dókítà ti fọwọ́."

Ó gbé tẹlifóònù náà kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí òun. Ó lè pa ojú dúdú náà dé, kó jókòó jẹ́jẹ́, kó máa ṣí ìwé rẹ̀. Ọ̀gá Wáyà ló wọlé síbẹ̀, orúkọ Ọ̀gá Wáyà ni kọ̀ǹpútà ńlá yóò dá. Èrò náà kọjá lára rẹ̀ bí ejò ṣe ń kọjá lẹ́sẹ̀ èèyàn, ó rí gbogbo gígùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọmọ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọn ò mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó dìde. Ó sáré wá ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ó bá Ọ̀gá Wáyà níbi tó ti kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, tí íńkì ti bá a dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ọ̀gá, mo ti pa èsì rẹ́."

"Èsì wo?"

"Ti gbogbo ilé ìwòsàn."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ohun tí etí lè gbà lọ. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. "Kí lo ṣe?" ó ní.

"Lo" ló pè é, kì í ṣe "lẹ". Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọ̀gá Wáyà yóò bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó dun Àǹtí Hẹ̀lóò ju bí ẹni pé ó gbá a létí. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni àyè ìyẹn wà? Ọkùnrin náà ti já wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan aláìsàn kankan nítorí ohun tó wà tàbí tí kò sí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà yẹ̀ wò, kí wọ́n sì fọwọ́ mú èsì rẹ̀ wá. Wọ́n gbé ọmọ náà padà síta. Ìyá ọmọ náà dìde lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Kí ló dé? Kí ló ṣe ọmọ mi?" Àǹtí Hẹ̀lóò gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò lè wò ó lójú.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá Wáyà tilẹ̀kùn. Lálaalẹ́, kọ̀ǹpútà ńlá náà máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú àpótí irin kékeré kan tó wà lọ́tọ̀. Ó jókòó síwájú àpótí náà, ó gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, ó sì gbé e kúrò.

"Ọ̀gá?"

"Mi ò tíì dá ẹ̀dà kankan padà rí," ó ní, láìyí ojú. "Ó ń sọ lójoojúmọ́ pé òun ṣe ẹ̀dà. Mo gbà á gbọ́. Mi ò ṣí i wò rí."

Bó bá jẹ́ pé ó bínú nìkan ni, ì bá sàn. Kéèyàn rí ẹ̀rù lójú ẹni tó yẹ kó gbani sílẹ̀, kò sí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kó jókòó ti òun, kó máa ka gbogbo ìlà tí òun bá kọ sókè, kí òun tó tẹ bọ́tìnì, nítorí ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Àǹtí Hẹ̀lóò ń kà á.

Wọ́n ṣí ẹ̀dà àná. Òfìfo ni. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ọ̀gá Wáyà bo ojú rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, íńkì sì ra mọ́ ọn ní iwájú orí. Lẹ́yìn náà ló ṣí ẹ̀dà ìjẹta. Orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọ̀kan, òmíràn, ogún, ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń dà lọ sókè bí èèrà tó ń jáde nílé. Àwọn méjèèjì kàn ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń padà wálé.

Gbogbo èsì tó wọlé láàárín ìjẹta sí àsìkò náà ni kò sí. Wọ́n ní láti tọ ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yọ ohun tí ẹ̀rọ náà ṣì rántí, kí wọ́n sì tún un tẹ̀ wọlé. Àǹtí Hẹ̀lóò tẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó sì yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n sọ fún Àǹtí Hẹ̀lóò, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó bì.

Ní ọjọ́ kejì, olùdarí ilé ìwòsàn, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.

"Ta ló tẹ bọ́tìnì?"

"Èmi ni, mà," Àǹtí Hẹ̀lóò dáhùn.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀," Ọ̀gá Wáyà ní. "Èmi náà ni mi ò yẹ ẹ̀dà wò."

Olùdarí ní kí Ọ̀gá Wáyà máa dá ẹ̀dà padà wò lóṣooṣù láti ọjọ́ náà lọ, kí òun sì máa rí i. Ó kọjú sí obìnrin náà. "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ńlá mọ́ títí ẹ ó fi mú ìwé ẹ̀rí wá. Bí ẹ ò bá yege, a ó wá nǹkan fún yín ní ẹnu ọ̀nà, ẹ máa fún àwọn àlejò ní káàdì."

Ìdánwò náà ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Látọjọ́ yẹn, oorun dá lójú Àǹtí Hẹ̀lóò. Bó bá ṣí ìwé, lẹ́tà á máa fò. Bó bá wá kọ́kọ́rọ́ tì, àyà rẹ̀ á já. Bí orúkọ aládùúgbò kan bá pẹ́ kó tó wá sí i lẹ́nu, á di ògiri mú. Ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ó bá a ní ilé ìdáná, tó dúró síwájú omi tó ń hó. Kò gbé e sọ̀kalẹ̀, kò sì pa iná. Ó kàn ń ṣọ́ ọ.

"Kí lò ń wò?"

"Mo ń wò ó kí n má baà gbàgbé rẹ̀."

Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, ó bì í síwájú ọkọ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìdánwò ló ń lé òun. Ó ní orí òun ló ń lọ, bí orí Màmá ṣe lọ.

Káfíńtà yìí kì í wá àwàdà tì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò wá a. Ó pa iná. "Ohun tá ò bá yẹ̀ wò, a ò mọ bó ṣe gùn tó," ó ní. "Jẹ́ ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọn ò lọ sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbàlagbà kan lápá ibòmíràn, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá. Àǹtí Hẹ̀lóò jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó dúró de ìdájọ́. Dókítà ní kó mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta dání fún òun: ilẹ̀kùn, ọsàn, àgùntàn. Ó ní kó ya aago, kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí wákàtí tí òun dá. Ó ní kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ìka Àǹtí Hẹ̀lóò fi òógùn rin pẹ́ńsùlù náà. Aago tó yà rí wọ́gọwọ̀gọ bí iṣu, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó yẹ.

"Ó dáa. Ẹ dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta mi padà."

"Ilẹ̀kùn," ó ní. "Àgùntàn."

Èkejì kò sí. Ó wá a. Ó dà bí ìgbà tó wo inú àpò "èsì" lọ́jọ́ yẹn, òfìfo kan náà. Ó gbọ́ tí àga ọkọ rẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òpin rẹ̀ rèé, ó ti dé.

"Ẹ má sáré," dókítà ní. "Ẹ mí."

Ó mí. "Ọsàn," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Dókítà bi í ní ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́yìn ìyẹn. Wákàtí mélòó ló ń sùn? Kò ju mẹ́ta lọ. Ta ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀? Òun ni. Ta ló ń dìde sí i bó bá ń rìn káàkiri lóru? Òun náà ni. Bó bá gbàgbé nǹkan, ṣé ó máa ń mọ̀ pé òun gbàgbé?

"Mi ò mọ ohun mìíràn mọ́ ju ìyẹn lọ, mà."

"Ìyá yín ńkọ́, nígbà tó bẹ̀rẹ̀?"

Àǹtí Hẹ̀lóò ronú. "Kò mọ̀. Ó máa ń bá wa jà pé àwa la gbé nǹkan òun pamọ́."

Dókítà bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Mi ò lè búra fún ọ̀la. Kò sí dókítà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọpọlọ yín ò ṣe nǹkan kan. Oorun ni ẹ ò sùn, ẹrù èèyàn méjì lẹ sì dá rù. Ẹ pín in." Ó wo káfíńtà nígbà tó ń sọ èyí tó kẹ́yìn. Káfíńtà yọ fìlà.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń dìde sí Màmá lóru. Obìnrin náà sùn. Àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí i lórí, kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èyí tó jókòó kì í tètè dìde mọ́. Ẹ̀rù ò lọ o. Ẹ̀rù kàn kó kúrò ní pálọ̀, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Yàrá kékeré kan ni, tí wọ́n fi pákó dá a sí abala abala, ojú kámẹ́rà kan sì ń wò wọ́n láti òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn gba báàgì rẹ̀, gba fóònù rẹ̀, ó ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí òun rí i pé kò kọ nǹkan sára. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ. Ó kà á, kò yé e. Ó tún un kà, bí ẹni pé èdè mìíràn ni. Èkejì, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta, kò mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọwọ́ lọ síbi bọ́tìnì tó sọ pé kéèyàn parí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ti ń wá sí i lójú, àti káàdì àwọn àlejò.

"Ẹ mí," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó fo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lọ sí ẹ̀kẹrin. Ó mọ ìyẹn. Ó mọ èyí tó tẹ̀lé e ní ìdajì, ó méfò sí i. Ìbéèrè kan dé tó ní, nínú nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí, èwo ni alábòójútó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè gbára lé ẹ̀dà tó ṣe? Kò ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Ìka rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Báyìí ló ṣe ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gba orí afárá tó ń mì, títí ó fi padà bá mẹ́ta àkọ́kọ́ tó fò, ó sì wá rí i pé èdè tó gbọ́ ni wọ́n fi kọ wọ́n.

Nígbà tó tẹ bọ́tìnì ìparí, ó dijú. Ó ṣí ọ̀kan. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yege. Máàkì díẹ̀ báyìí ló fi borí, ṣùgbọ́n ó borí.

Ó jókòó síbẹ̀, omijé ń bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù, títí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi wá bá a.

"Ẹ má sunkún, mà," ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kùnà lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ lè tún un ṣe."

"Mo yege."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo obìnrin náà. "Kí ló wá ń pa yín lẹ́kún?"

"Ẹ̀rù tó ṣẹ́kù ni."

Ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é níta nínú ọkọ̀ tó fi ń kó pákó. Màmá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi í tì nílé. Àǹtí Hẹ̀lóò wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, mo yege ìdánwò."

"Ìwọ? Ìdánwò!" Ìyá náà pàtẹ́wọ́. Ó gbá a mọ́ra, ó ń dúpẹ́, ó ń súre, ó ní òun ti mọ̀ pé orí rẹ̀ pé. Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n, kò sì pè é lọ́mọ. Nígbà tí wọ́n dé oríta kejì, ó yíjú sí i. "Níbo la ti ń bọ̀?"

"Mo lọ ṣèdánwò, Màmá. Mo yege."

"Ìdánwò! O yege?" Ó tún pàtẹ́wọ́, ó tún gbá a mọ́ra, ayọ̀ náà tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé ìsinsìnyí gan-an ló gbọ́ ọ. Kí wọ́n tó délé, káfíńtà ní òun ò tíì rí ẹni tó yege ìdánwò kan ṣoṣo lọ́pọ̀ ìgbà tó báyìí rí. Àǹtí Hẹ̀lóò rẹ́rìn-ín, ó sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń retí kó tún béèrè.

Ó padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá Wáyà gba ìwé ẹ̀rí náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó kọ pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ńlá sórí bébà pélébé kan, ó fún un. "Ẹ kó o sórí, Àǹtí," ó ní, "kí ẹ sì fà á ya." Obìnrin náà kà á títí ó fi dá a lójú. Ó fà á ya. Nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó kọ́kọ́ ṣì í tẹ̀. Ó mí, ó tún un tẹ̀, kọ̀ǹpútà ńlá sì ṣílẹ̀kùn fún un.